Ẹni Tó Ń Lọ, Ẹni Tó Ń Bọ̀: Ìwé Hein de Haas Lójú Ará Lẹ́kí àti Ajah

Ní ọdún 2023, Hein de Haas, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Netherlands tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Amsterdam, tẹ ìwé kan jáde tó pe orúkọ rẹ̀ ní How Migration Really Works. Orí 22 ló wà nínú ìwé náà. Orí kọ̀ọ̀kan mú àròsọ kan tí àwọn olóṣèlú, oníròyìn àti ẹlẹ́yinjú àánú ń tún sọ lójoojúmọ́ nípa àwọn tó ń ti ìlú kan lọ gbé ní ìlú mìíràn, ó gbé e kalẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, ó wá fi ìwádìí tú u palẹ̀. Òǹkọ̀wé náà kì í ṣe ẹni tó kàn gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò. Ó wà lára àwọn tó dá ibùdó ìwádìí ìṣíkiri sílẹ̀ ní Oxford ní 2006, ó sì ti darí rẹ̀ rí. Ó ti gbé láàárín àwọn àgbẹ̀ àfonífojì Todgha ní gúúsù Mòrókò láti mọ ohun tí owó àwọn ọmọ tó wà ní Yúróòpù ń ṣe nílé. Ní 2006 kan náà, ó kọ ìwádìí kan lórí Nàìjíríà fúnra rẹ̀: bí ìjọba wa ṣe ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi, àti ohun tó ń ṣe nípa wọn.

Ará London tó bá ka ìwé yìí yóò máa wò ó bóyá ó lè pa àwọn olóṣèlú rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè ran ẹni tó ń gbé lójú títì márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́, láti ibodè Lẹ́kí títí dé Ajah, Ṣàngótẹ̀dó àti Ìbẹ̀jù, láti lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀, níbi tí ìdílé kan ti ń kó ẹrù jáde lọ sí Kánádà tí àjèjì mìíràn sì ń kó ẹrù wọlé. Ìdáhùn mi ni pé nípa ẹni tó ń lọ àti ìdí tó fi ń lọ, n kò tíì rí ìwé tó ṣàlàyé tó o. Nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí onítọ̀hún bá ti lọ, ìwé náà yára jù.

Orí karùn-ún àti ìkẹfà ni ọkàn rẹ̀ wà. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn ìjọba Yúróòpù ti ń sọ pé bí a bá fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí Áfíríkà, tí iṣẹ́ wà, tí iná ń tàn, ọmọ Áfíríkà yóò jókòó sílé rẹ̀. Lórí èrò yìí gan-an ni wọ́n fi dá àpò owó kan sílẹ̀ fún Áfíríkà ní ìpàdé Valletta ní oṣù kọkànlá 2015. De Haas ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀: òtòṣì paraku kì í lè rìn jìnnà. Bí orílẹ̀-èdè bá ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́, tí àwọn ọmọ ń kàwé, tí fóònù wọ ilé gbogbo, tí owó díẹ̀ ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń lọ sí òkè òkun á máa pọ̀ sí i, yóò sì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Michael Clemens, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Amẹ́ríkà, ti ṣírò rẹ̀ ní 2014 pé ó di ìgbà tí owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bá tó nǹkan bí 7,000 sí 8,000 dọ́là lọ́dún, lórí ìdíwọ̀n ohun tí owó lè rà, kí ìlọ náà tó máa rọlẹ̀. Ẹni tó bá ń retí pé ìdàgbàsókè ni yóò dá jápa dúró, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni kó fi ìrètí náà sílẹ̀ fún.

Lójú de Haas, nǹkan méjì ló ń gbé ènìyàn rìn: pé ó fẹ́ lọ, àti pé ó lágbára láti lọ. Ẹ̀ka ìmọ̀ yìí jẹ Jørgen Carling ti Norway ní gbèsè, nítorí òun ló kọ ọ́ ní 2002, lẹ́yìn ìwádìí ní Cape Verde, pé ọ̀pọ̀ ló wà tó ń fẹ́ lọ ṣùgbọ́n tí ọwọ́ wọn kò tó o. A kì í ka irú wọn mọ́ àwọn aṣíkiri nítorí wọn ò kúrò lójú kan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ẹni tó fi tinútinú jókòó.

Ẹni tó ń gbé ní Ajah kò nílò kí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan búra fún òun lórí èyí. Ẹ wo àwọn tó lọ láti 2020 sí ìsinsìnyí: òṣìṣẹ́ báńkì tó ń gbé ní Ikota, nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Lekki Phase 1, olùkọ́ ilé ìwé aládàáni tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo. Ẹ wá wo àwọn tó ṣì wà: awakọ̀ kòròpe tó ń ná Badore, ìyá tó ń ta omi inú ọ̀rá lábẹ́ afárá Ajah, apẹja Ìlàjẹ tó wà létí ọ̀sà. Àwọn wọ̀nyí ni ìyà jẹ jù, àwọn sì ni kò lọ. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ní 2023, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lọ kàwé másítà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn odi London, gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní 1,023 pọ́n-ùn fún oṣù kọ̀ọ̀kan, oṣù 9, èyí tó jẹ́ 9,207 pọ́n-ùn, yàtọ̀ sí owó ilé ìwé, owó físà àti owó ìlera. Nígbà tí náírà já bọ́ ní ìdajì ọdún yẹn, pọ́n-ùn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,000 náírà ní báńkì. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ 30,000 náírà nígbà náà. Ẹni tó ń gbà á, bí kò bá jẹ, tí kò mu, tí kò san owó ilé, ọdún 25 kò ní í tó o láti kó owó náà jọ.

Òfin tún ní owó náà gbọ́dọ̀ jókòó sí báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko. Lórí ọjọ́ 28 yìí ni òwò kan ti dìde ní Èkó: àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti yá ènìyàn lówó kí ó lè hàn nínú àkáǹtì rẹ̀, wọ́n á gba èlé lórí owó tí onítọ̀hún kò lè ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á sì kó o padà. Àwọn tí kò yá owó ń ta nǹkan. Lórí WhatsApp àwọn ẹ́sítéètì Lẹ́kí, ojoojúmọ́ ni fìríìjì, ínfátà, bẹ́ẹ̀dì ọmọ àti mọ́tò Corolla ń jáde fún títà nítorí pé onílé ń rìnrìn àjò. Ẹlòmíràn ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó rà sí Ìbẹ̀jù. De Haas kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ ń wo ìrìn náà bí ìdókòwò tí wọ́n fi ojú inú wò dáadáa kí wọ́n tó dá a lé, pé kì í ṣe ìsálọ aláìnírètí. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀ ó yẹ kí a fi nǹkan kan kún un: ìfẹ́ láti lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun yìnbọn ní ibodè Lẹ́kí ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 2020, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, tí owó sì ń wọlé fún, ló sọ fún òbí wọn pé ó tó gẹ́ẹ́. De Haas ní àyè fún irú èyí nínú èrò rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé kò dúró pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí ìwé náà ti wọ̀ mí lára jù ni orí 21, tó sọ pé títi ibodè kì í sábà dín àwọn tó ń wọlé kù bí àwọn aṣòfin ṣe rò. Àlàyé rẹ̀ lórí Mòrókò àti Sípéènì rọrùn láti tẹ̀ lé. Kí Sípéènì tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè físà lọ́wọ́ ará Mòrókò ní 1991, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń lọ ṣiṣẹ́ oko ní àkókò ìkórè, wọ́n sì ń padà wálé. Nígbà tí físà dé, ẹni tó ti wà lọ́hùn-ún kò jẹ́ padà mọ́, torí kò mọ̀ bóyá wọn yóò tún jẹ́ kí òun wọlé. Ó ránṣẹ́ pe ìyàwó àti ọmọ dípò kó wá wò wọ́n. Àwọn tí kò tíì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú omi kéékèèké.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà ní Ṣàngótẹ̀dó, bí a bá mọ ibi tí a ó wò. Ọ̀pọ̀ àwọn ilé tuntun tó wà níbẹ̀, ọwọ́ àwọn ará Benin àti Togo ni táìlì rẹ̀ àti sílíìnì rẹ̀ ti kọjá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bíríkìlà Èkó èyíkéyìí, yóò sọ fún yín pé àwọn ni wọ́n mọ iṣẹ́ náà jù, bó tilẹ̀ ń dùn ún. Ọkùnrin tó wá láti Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu lè ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kí fún oṣù mẹ́ta, kó lọ sílé lọ bá ìyàwó rẹ̀, kó padà lẹ́yìn ọdún tuntun. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní 1979 fún un ní ọjọ́ 90 láìgba físà, bí àwọn agbófinró ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ tilẹ̀ ń gba ohun tí òfin kò ní kí wọ́n gbà. Nítorí pé ọ̀nà ṣí, kò sí ìdí fún un láti kó gbogbo ilé wá. Ẹ fi í wé nọ́ọ̀sì ọmọ Ajah tó wà ní Manchester. Ọdún márùn-ún ló yẹ kó lò kó tó lè béèrè fún ìwé ìgbélùú ayérayé. Ní oṣù karùn-ún 2025 ìjọba ibẹ̀ dábàá pé kó di mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ọkàn rẹ̀ bá tilẹ̀ ń fà sílé, kò lè dá a láṣà láti padà kó tó gba ìwé náà. Òfin tí wọ́n ṣe kí ó má baà pẹ́ lọ́dọ̀ wọn ni kò jẹ́ kó lè kúrò.

Ìyàlẹ́nu ọdún 2022 náà bá ìwé yìí mu. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, 1,586 ni ìyàwó, ọkọ àti ọmọ tó bá akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà lọ sí ọ̀dọ̀ wọn ní 2019. Ní 2022, wọ́n di 60,923. Kò sí àlàyé ìyàn tàbí ogun tó lè gbé irú ìfòsókè yìí. Ọ̀nà kan ló ṣí, àwọn tó lágbára láti gbà á sì gbà á. Ní oṣù karùn-ún 2023, ìjọba náà kéde pé láti oṣù kìn-ín-ní 2024 akẹ́kọ̀ọ́ másítà kò ní í lè kó ẹbí dání mọ́. Ohun tí ìwé náà yóò ní kí a retí láàárín ìkéde àti ìmúṣẹ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà tí wọ́n bá ní ìlẹ̀kùn fẹ́ tì: ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ ra nǹkan ń sáré wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Jamaica ṣe sáré wọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì kí òfin 1962 tó dé, tí àwọn ará Suriname sì sáré wọ Netherlands kí wọ́n tó gba òmìnira ní 1975.

Àmọ́ a gbọ́dọ̀ sọ òdodo. Lẹ́yìn oṣù kìn-ín-ní 2024, iye akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà àti ẹbí wọn tó ń lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì já wálẹ̀ gan-an. Òfin ṣiṣẹ́, náírà tó já sì bá a ṣiṣẹ́. De Haas yóò sọ pé èkejì ló tì í lẹ́yìn jù, pé agbára láti lọ ni ó dín kù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí 21 fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mú: àwọn òfin kan wà tó ń dínà gan-an, pàápàá èyí tó bá fọwọ́ kan ẹbí.

Bí ìwé náà ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé Áfíríkà kò tú jáde lọ sí Yúróòpù jẹ́ ohun tó yẹ kí gbogbo aṣòfin Yúróòpù kà lẹ́ẹ̀mejì. Láti 1960, iye àwọn tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe ti wọn kò tíì jìnnà sí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ayé; ní 2020, nígbà tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ka mílíọ̀nù 281, ìdá mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni. Nínú ìwádìí tí òun àti Marie-Laurence Flahaux kọ ní 2016, wọ́n fi hàn pé inú Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ Áfíríkà tó ṣí kúrò nílùú wọn wà. Lẹ́kí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ọlọ́dẹ ẹ́sítéètì wá láti Niger, ẹlẹ́wà àgànyìn wá láti Togo, ọmọ China wà ní Free Zone láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ India sì wà lára àwọn tó kọ́ ilé ìfọpo Dangote tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún 2023. Ní Ìbẹ̀jù, ẹ ó gbọ́ tí ọ̀dọ́ ìlú ń ráhùn pé àwọn àjèjì gba iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ tiwọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ará Sunderland ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń sọ sí wa. Orí kẹjọ ìwé náà, tó tú àròsọ yẹn palẹ̀, ni kí wọ́n kà fún àwọn méjèèjì.

Èyí gbé mi dé ibi tí mo ti fẹ́ bá de Haas jà díẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, ìjọba tó ń ti ìlẹ̀kùn jẹ́ ìjọba òyìnbó, ẹni tí wọ́n ń tì í mọ́ jẹ́ tiwa. Àwa tí a mọ ìtàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ̀ pé kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde ní Ghana, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìnísà àti Ọ̀fà sì padà wálé pẹ̀lú àpótí. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Shagari fún àwọn ará Ghana àti àwọn mìíràn ní ọ̀sẹ̀ méjì kan náà, ó sì ju mílíọ̀nù kan ènìyàn tó jáde. A ti jẹ ẹni tí wọ́n lé, a ti jẹ ẹni tó ń lé. Ìmọ̀ tó wà nínú irú ìtàn yìí, nípa ohun tí ìléjáde ń ṣe fún ìlú tó lé àti ìlú tó gba ẹni tí wọ́n lé, ì bá ti mú ìwé yìí lágbára sí i ju àpẹẹrẹ Yúróòpù mẹ́wàá lọ.

Ọ̀rọ̀ àdúgbò Màrókò nílé wa ní Èkó náà tún wà ńbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje 1990, nígbà tí Raji Rasaki ń ṣe gómìnà ológun, wọ́n wó Màrókò lulẹ̀, wọ́n sì lé nǹkan bí 300,000 ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀ tó ti di àdúgbò olówó báyìí. Díẹ̀ lára wọn rí yàrá gbà ní Ìlàsán àti Ikota, àwọn yòókù túká. Ìṣípòpadà tó tóbi jù tí agbègbè yìí tíì rí nìyẹn, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó lo ìwé ìrìnnà.

Orí 13 ni mo ti dúró pẹ́ jù, inú mi kò sì dùn tó. Níbẹ̀ ni de Haas ti kọlu ọ̀rọ̀ pé ìlọ àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ ilé di ahoro. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn tó lọ kò pọ̀ tó láti fa ìṣòro náà, pé ilé ìwòsàn ti bàjẹ́ kí dókítà tó lọ, pé ìlọ wọn jẹ́ àmì àìsàn, òun kọ́ ni àìsàn náà, àti pé ìrètí àtilọ ń mú kí àwọn ọmọ púpọ̀ sí i kọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló tọ̀nà. Ìjọba wa fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé kò mọ èyí tí ì bá dì mú. Ní oṣù kẹrin 2019, Chris Ngige, mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó jẹ́ dókítà fúnra rẹ̀, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé dókítà pọ̀ ní Nàìjíríà, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ máa lọ. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, Ganiyu Johnson, aṣojú láti Èkó, gbé àbá òfin wá pé kí dókítà má ṣe rí ìwé àṣẹ ní kíkún gbà àyàfi tó bá ti fi ọdún márùn-ún ṣiṣẹ́ nílé. Àwọn dókítà fárígá. Ní oṣù kẹjọ 2024, ìjọba àpapọ̀ wá fọwọ́ sí ìlànà kan lórí ìṣílọ òṣìṣẹ́ ìlera, tó sọ̀rọ̀ nípa àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè, ìpadàbọ̀ àti ìtọ́jú àwọn tó kù. Ìlànà yìí sún mọ́ èrò de Haas ju àbá Johnson lọ, mo sì fara mọ́ ọn.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ìyára tó fi kọjá. Ní 2025, Muhammad Ali Pate, mínísítà ìlera, sọ pé ó ju 16,000 dókítà tó ti kúrò láàárín ọdún márùn-ún sí méje, pé owó tí a fi kọ́ ọ̀kan ju 21,000 dọ́là lọ. Ẹ jẹ́ ká fi owó sílẹ̀, ká wo àkókò. Ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ọdún kan àgùnbánirọ̀, ọdún márùn-ún sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ abẹ tàbí ìtọ́jú ọmọdé. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 14. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mẹ́ta bá lọ kúrò ní ẹ̀ka kan láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn ọ̀dọ́ dókítà tí wọ́n ń kọ́ níṣẹ́ kò ní olùkọ́ mọ́, àwọn náà á sì lọ. De Haas ń ṣírò ní ogún ọdún, ó ń ṣírò lórí orílẹ̀-èdè pátápátá. Ilé ìwòsàn ìjọba kì í sá kú ní àròpín; ẹ̀ka kan ló ń kú lẹ́ẹ̀kan, ní alẹ́ kan. Olówó Lẹ́kí yóò lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni. Ìyá olómi inú ọ̀rá tí kò lágbára láti lọ síbì kankan ni yóò dúró de dókítà tó ti lọ. Kò yẹ kí ìwé tó kọ́ wa pé òtòṣì kì í lè lọ gbàgbé láti béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òtòṣì tó kù.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá mọ̀ pé ẹrù náà kò mọ́. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 55 tí àjọ ìlera àgbáyé kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní 2023 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá fi ìpolongo kó òṣìṣẹ́ ìlera wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé béèrè iṣẹ́, ọ̀nà ṣí fún un. Àwọn dókítà wa sì mọ̀wé kọ.

Nípa owó tí àwọn ọmọ òkè òkun ń fi ránṣẹ́, ọwọ́ de Haas dán ju ti ọ̀pọ̀ lọ. Ní Todgha, ó rí i pé ilé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìnákúnàá ń pèsè iṣẹ́ fún bíríkìlà, káfíńtà àti ọlọ́jà. Nàìjíríà gba nǹkan bí ogún bílíọ̀nù dọ́là ní 2023 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Báńkì Àgbáyé, èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ohun tó wọ ìhà gúúsù Sàhárà. Apá kan nínú rẹ̀ di ilé láti Ajah títí dé Elékò. Ṣùgbọ́n Lẹ́kí kì í ṣe Todgha. Níbí, àwọn tó ń ta ilẹ̀ ń lọ pàtẹ ní London àti Houston, wọ́n ń dá iye lé e ní owó ìlú òyìnbó, ọmọ onílẹ̀ sì ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta. Olùkọ́ tó ń gba náírà ní Addo Road ń bá ẹni tó ń gba pọ́n-ùn ní Peckham du ilẹ̀ kan náà. Owó òkè òkun pèsè iṣẹ́ lóòótọ́, ó tún sọ ilẹ̀ di ọ̀wọ́n fún ẹni tí kò lọ, ìdí sì tún nìyẹn tí òun náà fi ń wá bí yóò ṣe lọ. Ìwádìí lórí ìyípo yìí ni ìbá wù mí kí n kà.

Mo fẹ́ kìlọ̀ lórí orí ogún. De Haas kò fẹ́ kí a máa pe gbogbo ìkóniṣòwò ní oko ẹrú, torí pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fún ọlọ́pàá láṣẹ láti lé àwọn obìnrin tó ní ohun tí wọ́n ń wá padà sílé. Ní ti àwọn àgbàlagbà obìnrin, ó ní ohun tó rí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé Lẹ́kí, ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n kó wá láti Benin àti Togo wà, tí ọjọ́ orí wọn kò tó ti ẹni tí yóò dá ìpinnu ṣe, tí owó oṣù wọn ń lọ sọ́wọ́ ajẹ́ntì. Kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orí ogún ìwé yìí gbè sẹ́yìn ajẹ́ntì náà.

Àwọn tó fẹ́ gbọ́ ohùn kejì lè ka Exodus tí Paul Collier kọ ní 2013. Collier bẹ̀rù pé bí àwọn tó ti lọ bá ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa fa àwọn mìíràn lọ láìdúró, ó sì fẹ́ kí ìlú olówó fi iye sí i. Ó bìkítà fún ilé tí a fi sílẹ̀ ju de Haas lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí de Haas lágbára ju tirẹ̀. De Haas pàápàá kì í ṣe agbẹnusọ fún ìlẹ̀kùn ṣíṣí gbayawu. Orí 14 bá àwọn tó ń sọ pé aṣíkiri ń sọ gbogbo ènìyàn di ọlọ́rọ̀ wí: àwọn agbanisíṣẹ́ ló ń jẹ èrè jù. Ó dára pé ó fi ẹgba na apá ọ̀tún àti apá òsì.

Ẹ̀sùn mi tó tóbi jù kò kan òun nìkan. Ní 1970, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje kọ ìwádìí kan lórí ìṣílọ láti ìgbèríko sí ìlú ńlá, nínú èyí tí wọ́n ti sọ pé a kò lè lóye ẹni tó lọ bí a kò bá wo ibi tó kúrò, ibi tó dé, àti ìròyìn tó ń padà wálé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, pa pọ̀ bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. De Haas mọ iṣẹ́ náà. Ó ti tọ́ka sí i nínú àwọn iṣẹ́ ìmọ̀ rẹ̀ mìíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aderanti Adepoju náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí ìṣíkiri nínú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì dá ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ìṣíkiri sílẹ̀ ní Èkó. Ìpìlẹ̀ wà nílẹ̀. Ìjọba wa ní ìlànà ìṣíkiri láti 2015, ó ní NiDCOM, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lẹ́yìn odi, láti ìgbà òfin 2017. Ohun tí kò sí ni ìwé kan, fún gbogbo ènìyàn, tí a ti Èkó kọ, tí ó fi bí ẹ̀rí de Haas ṣe lágbára tó sọ̀rọ̀ nípa àwa tí a wà nílé.

Bí ẹ bá rí How Migration Really Works rà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí karùn-ún, ẹ ka ìkẹfà àti ìkọkànlélógún tẹ̀ lé e. Ẹ ka orí 13 pẹ̀lú ìfura. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Èkó, Ìbàdàn àti Ifẹ̀, ẹ máa bá wa kọ apá kejì rẹ̀.